Ọwọ́ Tí Ó Kọ́ Ẹ̀yìn Wa Ní Ìdúró

Ní àsìkò ìkórè àgbàdo ní òkè Kétu, ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ará Adakplamè kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni. "Ẹ̀yìn ń ro mí." "Ọrùn mi gan láti àná." "Ìbàdí kò jẹ́ kí n sùn." Ẹ jókòó ní ìdajì wákàtí lábẹ́ igi ní ọjọ́ ọjà, ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tí ó ru àgbàdo wá, lẹ́nu àgbẹ̀, lẹ́nu ẹni tí ń gun zémidjan, àti lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì pé ogún ọdún. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ojú-ewé wa ti ìgbà yìí dá lórí ọwọ́: ọwọ́ tí a fi ń wọ́ ara, tí a fi ń tẹ iṣan tí ó le títí yóò fi rọ̀, tí a sì fi ń fi bí ó ṣe yẹ kí ó dúró han ara.

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. ("Bí o bá kọ orúkọ mi sínú ìwé, àwọn ará Kútọnu yóò wá tò sẹ́nu ọ̀nà mi.") Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwẹ ọmọ tuntun àti wíwọ́ ara àwọn abiyamọ. Kí oòrùn tó yọ ni àgbàlá rẹ̀ ti ń kún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù tí ó kọjá, mo lọ bá a nítorí ọrùn tèmi, èyí tí ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ti sọ di pákó. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ tí ó jókòó sórí àpótí láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, tí ojú ń tì í. Zémidjan ni ó ń gùn, láti Adakplamè sí Kétu, ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje lóòjọ́.

"Ọmọ mi, ibo ni ó ń dùn ọ́?"

"Ẹ̀yìn ni, Ìyá. Nígbà mìíràn a máa gòkè dé èjìká."

"Bọ́ bàtà rẹ. Rìn lọ síbi ìkòkò omi yẹn, kí o sì padà."

Ó rìn. Ìyá kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ rárá; ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ó wo orí rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, Ìyá fi ìka méjì kan án ní àgbọ̀n. "Orí rẹ ti ṣáájú rẹ dé. Ara tí ó kù ń sá tẹ̀lé e, ni ó fi ń rẹ̀ ọ́."

Bí ó ti ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, páálí oògùn kékeré kan já bọ́ láti inú àpò. Ìyá mú un, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, kò sọ nǹkan kan. N ó padà sórí oògùn náà.

Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dojú bolẹ̀. Ó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí ó fi yọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí. Kò sáré. Ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀pá ẹ̀yìn, kò tẹ eegun náà gan-an. Nígbà tí ó dé abẹ́ eegun èjìká òsì, ó dúró. Ó ti bá nǹkan pàdé: iṣan kan tí ó le bí okùn tí a fi ń fa omi kànga. N kò retí ohun tí ó ṣe. Kò tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Ó kàn gbé àtàǹpàkò lé e, ó sì dúró síbẹ̀, bí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn tí ó ń retí kí wọ́n ṣí i. "Mí," ni ó wí. "Mí, ọmọ mi. Ta ni ń lé ọ?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí èjìká náà tó wálẹ̀.

Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó ní kí ó dìde. Ó gbé òṣùká lé e lórí, ó sì gbé abọ́ omi lé òṣùká. "Tún rìn lọ síbi ìkòkò." Àwọn ìyá ọlọ́mọ bú sẹ́rìn-ín: ọkùnrin gìrìpá tí ń ru omi! Ní ìgbésẹ̀ kejì ó ti da díẹ̀ sí èjìká ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi padà dé, àgbọ̀n rẹ̀ ti wọlé, ọrùn rẹ̀ ti nà, àfi bí ẹni pé ó ga sí i.

Ọdún púpọ̀ ni mo ti ń lọ sí àgbàlá yẹn, mo sì rò pé ìtura ni Ìyá ń tà. Ọjọ́ náà ni mo rí i pé olùkọ́ ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ, kí ó wò ó nígbà tí ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá bá wà lórí itan rẹ̀. Yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbọọrọ, yóò tẹ́ ọmọ sí i, yóò fi kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni àdí tàbí òrí yóò dé. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ẹ̀yìn ọmọ láti ìdí dé ọrùn. Yóò ká apá ọ̀tún lé àyà, yóò ká ti òsì lé e, yóò tún nà wọ́n padà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò mú ọwọ́ ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, àti ọwọ́ òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Yóò ká orúnkún mọ́ ikùn, yóò sì tú u sílẹ̀. Nígbà tí oṣù bá gorí oṣù, tí ọrùn ọmọ bá ti gbó, yóò gbé e jókòó, yóò fi aṣọ ká a mọ́ ìdí kí ó má baà ṣubú. Gbogbo àwa tí a bí ní ilẹ̀ yìí ni a ti kọjá lábẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, bí a kò tilẹ̀ rántí. Kí a tó mọ orúkọ ara wa ni ẹnì kan ti fi ibi tí èjìká wà hàn wá.

Àwọn nǹkan kan wà tí àwọn ìyá àtijọ́ ń ṣe tí Ìyá ti fi sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kì í bu omi sí ọmọ nímú mọ́, kì í tẹ àwùjẹ̀, kì í sì í ju ọmọ sókè. Orí ọmọ tuntun wúwo ju ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé lọ. Bí a bá mì ín jìgìjìgì, ọpọlọ lè fara pa.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yìí wò ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà. Ní 1976, Charles Super tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn Kipsigis ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Àwọn ìyá ibẹ̀ a máa dìídì kọ́ ọmọ ní ìjókòó àti ìrìn. Àwọn ọmọ náà sì ń tètè jókòó, wọ́n ń tètè rìn ju àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí a kò kọ́ wọn, wọn kò yá ju ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó mú ọmọ yá, ẹ̀kọ́ ni. Ní 1986, Blandine Bril àti Colette Sabatier kọ̀wé nípa bí àwọn ìyá Bambara ní ilẹ̀ Màlì ti ń na ọmọ, tí wọ́n ń gbé e jókòó, tí wọ́n sì ń gbé e dúró lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ wọn yóò rò pé àgbàlá Ìyá ni wọ́n dúró sí. Ọdún 1976 kan náà ni dókítà ará Faransé kan, Frédérick Leboyer, tẹ ìwé Shantala jáde, lẹ́yìn tí ó ti rí ìyá kan ní Calcutta tí ń wọ́ ara ọmọ rẹ̀. Ìwé yẹn ni ó sọ wíwọ́ ọmọ di ohun tí àwọn ìyá ilẹ̀ Faransé ń wá kọ́. Mo mọ ọmọ Kétu kan tí ó sanwó níbẹ̀ kí wọ́n lè fi hàn án. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ iye tí ó san, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọwọ́ ní orúkọ tirẹ̀ nínú ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Ní Stockholm, ní 1813, Pehr Henrik Ling dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbi tí a ti ń kọ́ni ní eré ìdárayá tí ń wo àrùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Johann Mezger, dókítà ará Họ́láńdì, to ìṣe ọwọ́ lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ àwọn orúkọ Faransé tí a ń lò kárí ayé dòní: effleurage, èyí tí í ṣe fífi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ara fẹ́ẹ́rẹ́, pétrissage, èyí tí í ṣe pípo ẹran ara bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, friction, èyí tí í ṣe fífi ìka ra ojú kan. Ìyá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò kàn sọ wọ́n lórúkọ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin 30 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni ó dá iṣẹ́ masseur-kinésithérapeute sílẹ̀, òun náà ni a wá ń pè ní kiné ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wíwọ́ ara ni ó ṣáájú nínú orúkọ náà, kí ìdárayá tó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ti abọ́ omi orí òṣùká jù lọ kì í ṣe dókítà. Òṣèré ni. Frederick Matthias Alexander, tí a bí ní Tasmania ní 1869, a máa ké ewì lórí ìtàgé. Nígbà tí ó bá sì ké e díẹ̀, ohùn rẹ̀ a há. Oògùn kò ran án. Ó gbé dígí ka ara rẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì rí i pé gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ la ẹnu ni ó ń fa orí sẹ́yìn tí ó sì ń tẹ ọrùn mọ́lẹ̀. Ó kọ́ ara rẹ̀ láti má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ohùn sì padà. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ́ ẹlòmíràn: ọwọ́ kan lẹ́yìn ọrùn, ọ̀kan lábẹ́ àgbọ̀n, láìtẹ ohunkóhun, bí ẹni náà ti ń jókòó tí ó sì ń dìde.

Wọ́n ti dán ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Ní 2008, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn 579 tí ẹ̀yìn ti ń ro pẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí ti àtẹ̀yìnwá ń ní ìrora ní nǹkan bí ọjọ́ 21 nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tí a kàn wọ́ ara wọn fi ọjọ́ 7 dín sí i. Àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ Alexander ní ìgbà 24 fi ọjọ́ 18 dín, ó ku ọjọ́ 3 fún wọn. Mo ka èyí fún Ìyá. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní ẹni tí a wọ́ tí a kò kọ́, yóò padà wá ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀.

Kí ni ọwọ́ náà ń ṣe gan-an? Kì í to eegun ẹ̀yìn padà bí ẹni ń to bíríkì. Eegun ẹ̀yìn kì í ṣàdédé kúrò láyè rẹ̀ nítorí pé a jókòó wọ́. Iṣan ni ó ń bá wí. Iṣan tí a ti lò ní ọ̀nà kan ṣoṣo fún wákàtí púpọ̀ a máa gbàgbé láti tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ bí olùṣọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọwọ́ tí ó gbóná, tí kò kánjú, ni ó ń sọ fún un. Orí àgbàlagbà tó kílógíráàmù márùn-ún tàbí kí ó dín díẹ̀. Bí ó bá dúró lórí ọrùn, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Kenneth Hansraj, oníṣẹ́-abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò kan ní 2014: bí a bá tẹ orí síwájú dé ìwọ̀n 60, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ wo fóònù lórí itan, ohun tí ọrùn ń gbé tó kílógíráàmù 27. Ìṣirò ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a gbé sínú ọrùn ènìyàn. Síbẹ̀, àpò àgbàdo kékeré ni, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sì ń gbé e láìgbowó.

Àwọn ìyá wa mọ bí a ti ń gbé e kí ó má baà wúwo tó bẹ́ẹ̀. Omi jìn ní ilẹ̀ pupa òkè Kétu yìí, orí obìnrin ni ó sì ti ń gbé e wálé láti ayébáyé. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan kọ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára kankan kún èyí tí wọ́n fi ń rìn lásán. Àwọn Luo ń gbé e sórí, àwọn Kikuyu ń fi okùn gbé e kọ́ iwájú orí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí di ẹrù lé ọmọdé lórí o: bí ẹrù bá kọjá ìwọ̀n yẹn, agbára ni ó ń ná, àwọn tí ń ru omi lọ́nà jíjìn lójoojúmọ́ sì ń jìyà ọrùn àti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n abọ́ omi kékeré lórí òṣùká, fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú àgbàlá, olùkọ́ tí kì í purọ́ ni. Bí o bá tẹ orí síwájú, omi yóò sọ fún ọ.

Mo ní n ó padà sórí oògùn. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ń ka ojú-ewé yìí: tramadol. Oògùn gidi ni, dókítà a máa kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Èyí tí ń kiri lọ́jà, tí nọ́ńbà rẹ̀ a máa tó 225, ju ohun tí dókítà ń fúnni lẹ́ẹ̀kan lọ jìnnà. Láti Nàìjíríà dé Tógò ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé e mì kí wọ́n lè roko títí ìrọ̀lẹ́ tàbí kí wọ́n lè gun ọ̀kadà títí òru. Ara wọn kò sinmi. Ìró rẹ̀ ni wọn kò gbọ́ mọ́. Ìyókù ni gìrì, ìmí tí ń dínkù, àti ọjọ́ tí ara kò ní lè dìde láìlò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ó jẹ́ òtítọ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol nínú gbòǹgbò igi kan ní àríwá Kamẹrúùnù. Igi náà ni Nauclea latifolia, tí àwa ń pè ní ẹgbẹ̀sì. Ayọ̀ pọ̀: ìṣẹ̀dá ti ń ṣe é kí Jámánì tó ṣe é! Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé igi kò ṣe nǹkan kan. Àwọn àgbẹ̀ ni ó ń lò ó, wọ́n sì ń fún àwọn màlúù tí ń fa ohun ìtúlẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè fara da oòrùn. Láti inú ìtọ̀ ènìyàn àti ti ẹran ni ó ti wọ ilẹ̀, tí gbòǹgbò sì fà á mu. N kò tíì ka ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ tó èyí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn ríro tí ó ti pẹ́. Àwọn oògùn tí ó bá tramadol tan wà lára ohun tí wọ́n ní kí a má ṣe fún ènìyàn nítorí rẹ̀. Ìdárayá, àlàyé, àti ọwọ́, títí kan wíwọ́ ara, wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wọ ẹ̀wù, Ìyá na páálí náà sí i. "Èyí tí ò ń gbé mì yìí," ni ó wí, "kò mọ ibi tí ó ń dùn ọ́." Ó gbà á. Ó fi í sápò. Ó san fíránkì 500, ó sì lọ.

Bí mo bá dúró níbí, n óò ti tàn yín, nítorí ọwọ́ pẹ̀lú lè pani lára. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan já láti orí igi máńgòrò ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń to eegun ní abúlé kan tí ó jìnnà sí wa. Ó fi pákó ọparun di apá náà pinpin. Ní alẹ́ kejì, ìka ọmọ wú, ó tutù, ó ń dúdú; ọmọ ń ké, wọ́n ní kí ó ṣe bí ọkùnrin. Nígbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ìka méjì kò ṣeé dá sí mọ́. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ̀wé báyìí. Èmi tí mo ń kọ èyí wà nílé nígbà tí wọ́n gbé e lọ, n kò sì sọ pé ó tì.

Nítorí náà, eegun tí ó ṣẹ́, ilé ìwòsàn. Bákan náà ni ẹ̀yìn ríro tí ó wá pẹ̀lú ibà, tàbí tí ó ń bá ẹni tí ń rù láìnídìí. Ikọ́ fée a máa jẹ eegun ẹ̀yìn, ọwọ́ kò sì lè lé e. Ẹsẹ̀ tí ń kú tipiri, tàbí ìtọ̀ tí kò ṣeé dá dúró, kì í ṣe ohun tí a ń dúró de ọjọ́ kejì fún. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ́ ọ: ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà nínú rẹ̀, bí a bá sì tì í, ó lè gba inú iṣan lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá kì í tẹ ikùn aboyún. Ní ti àwọn onígbàjámọ̀ tí ń yí ọrùn oníbàárà gbọ̀ọ̀ kí ó lè dún kó, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún wọn pé irun nìkan ni ẹ bá wá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú ọrùn lọ sí ọpọlọ lè ya.

Ó ku kókó abẹ́ awọ tí kì í dunni. Ní ẹkùn Plateau wa yìí, irú kókó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn Buruli, tí a fi orúkọ ẹkùn kan ní Ùgáńdà pè. Nítorí pé kì í dunni ni a fi ń fi òróró ra á títí yóò fi di egbò ńlá. Ibùdó ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Pobẹ̀. Mo ti lọ síbẹ̀, mo sì wo àwọn kiné lẹ́nu iṣẹ́. Egbò tí ó bá wà lórí ìgbọ̀nwọ́ tàbí orúnkún a máa fa awọ jọ bí ó ti ń jinná, oríkèé á sì ká mọ́ra títí láé bí a kò bá nà án lójoojúmọ́. Mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń na apá rẹ̀. Ó ń sunkún, kiné ń bá a ka nọ́ńbà ní Yorùbá, ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n dé lánàá. Mo rántí àtàǹpàkò Ìyá lábẹ́ eegun èjìká. Ọ̀kan kàwé, èkejì kò kà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ ìgbà tí a ń dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ohun tí ẹ lè ṣe nílé, Ìyá kò ní ìlànà gígùn. Ó ní kò sí ìjókòó tí ó dára tó tí a fi lè jókòó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ẹni tí ń gun zémidjan sọ̀kalẹ̀ kí ó rìn díẹ̀ kí èrò mìíràn tó dé. Kí ẹni tí ń roko fi igi ọkọ́ gígùn rọ́pò kúkúrú níbi tí iṣẹ́ bá gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí a fi nǹkan pẹlẹbẹ tẹ́ orí, kí a ká orúnkún sókè, kí a sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Alexander ń ṣe gan-an nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Mo ń ṣe é. Ọrùn mi ti yí padà sí ọ̀tún ju bí ó ti ṣe lọ ní oṣù tí ó kọjá, àmọ́ òsì ṣì ń bá mi jà.

Mo bi í ta ni yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹnu tọ́ka sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún tí ń lọ sí ilé-ìwé gíga ní Kétu, tí ó fẹ́ di kiné bí ó bá yege ìdánwò. Ọmọ náà ti ń wẹ ọmọ ìkókó, ṣùgbọ́n Ìyá kò tíì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn àgbàlagbà. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kánjú. Ohun tí ó fi ń kọ́ ọ nìyí: ní gbogbo òwúrọ̀ ọ̀yẹ́, nígbà tí òrí bá dì gbagidi, yóò kó odidi kan fún un, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ nìkan mú un rọ̀, láìsí iná, láìfọ́ ọ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí n dán an wò. Kí ó tó rọ̀ ni mo ti fọ́ ọ sí mẹ́rin, ọmọbìnrin náà sì rọra gbà á padà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Bàbá. Ẹ ń lé e ni."